Ẹni Tó Bá Wa Di Àyè Mú

Ìbéèrè kan ni àwa tí à ń ṣèwádìí nípa ẹbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè bí a bá wọ ilé onílé: "Ta ló ń gbé nínú ilé yìí?" Òun ni wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì, òun lèmi náà sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi, títí obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ajégúnlẹ̀ fi sọ ọ́ di ẹ̀rín mọ́ mi lọ́wọ́.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan la yá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ tiwa kì í ṣe irú èyí tí olùkọ́ á jókòó sí ọ́fíìsì, á ro ìbéèrè rẹ̀ tán, kó tó wá lọ da àwọn ará àdúgbò láàmú. Àwọn ará àdúgbò la máa ń kọ́kọ́ pè jọ, kí wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún wa, ká tó mọ ohun tí a máa wádìí. Bí a bá sì wádìí tán, ọ̀dọ̀ wọn la máa ń kó àbọ̀ padà sí kó tó dé inú ìwé kankan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìpàdé àwọn ìyálé ilé ni mò ń ṣe kiri. N kì í dá wọn lóhùn, torí bí mo bá dá wọn lóhùn, ìjà ni yóò dà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nígbà náà ni bí àwọn awakọ̀ tírélà tó ń ná Àpápá ṣe ń tọ́ ọmọ. Mo ní kí wọ́n pe bàbá, kí wọ́n pe ìyá. Àwọn ìyá kún gbọ̀ngàn bámúbámú. Bàbá kan ṣoṣo ló yọjú, olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni, kọ́kọ́rọ́ ló wá gbà.

Nígbà tí mo bèèrè ẹni tó ń gbé nínú ilé kálukú, ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn. Ọmọ Ùròbò ni, ẹja yíyan ló ń tà, ó sì ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ débi pé Yorùbá ló máa fi bẹ̀rẹ̀ èébú, pijin ló máa fi parí ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ awakọ̀ tírélà kan, jókòó tì í pẹ̀lú oyún ńlá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì tó ẹni tí ń wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ṣé àna mi lẹ̀ ń bèèrè?" ó ní. "Na photo e be! E dey hang for wall. Ọmọ rẹ̀ yìí, 'Uncle Tírélà' ló ń pè é!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Aboyún yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba, ó ń fọwọ́ pa irun ọmọ rẹ̀. Inú bí mi lójijì, kì í sì í ṣe sí ìyá ẹlẹ́ja, sí àwa onímọ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa àwọn bàbá tó ń wakọ̀, ẹnu ìyàwó wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lọ bá bàbá fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn bàbá náà kò ṣeé rí.

Bí a ṣe ń to àga padà ni ìyá ẹlẹ́ja ní, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ lọ Tin Can. Na there dem dey live."

Mo lọ.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ ṣàjèjì sí mi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, bàbá mi sì wa tírélà láti Àpápá lọ sí Kánò títí ojú rẹ̀ fi ní kó jókòó sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, kò sí nílé. Orúkọ tí mò ń jẹ́ yìí, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló bá a gbé e wálé láti Jẹ́bà. Ẹnu ló fi gbé e, torí kò sí fóònù nígbà náà. Màmá mi ní ọkùnrin yẹn ń pe orúkọ náà lápètúnpè lójú ọ̀nà kó má baà gbàgbé, ó sì wọlé bí wọ́n ṣe ń gbé omi àti oyin jáde. Títí bàbá mi fi kú, kò dẹ́kun fífi ìtàn náà yangàn. Màmá mi náà kò dẹ́kun bíbínú sí i. Láàárín ìyangàn àti ìbínú yẹn ni mo dàgbà sí, mo sì rò pé òun ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ìlà ọkọ̀ tó ń lọ sí pọ́ọ̀tù Tin Can kì í ṣe ohun tí a ń ṣàlàyé fún ará Àpápá. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pe ọkọ̀ wọ pọ́ọ̀tù báyìí, ó sì sàn ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí inú pọ́ọ̀tù bá ti kún, ẹ̀bá ọ̀nà náà ni awakọ̀ á tún sùn sí títí yóò fi kàn án. Abẹ́ tírélà ni mo ti bá wọn. Wọ́n ti fi àpò ìrẹsì ta bẹ́ẹ̀dì tí ń fì sábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní ìrun síbi tí òjìji kọ̀ǹténà dé. Onígbàjámọ̀ kan ń fá irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹnì kan sì ń gún ata nínú odó kékeré, ó ń kọrin. Ilé ni. Kò lógiri ni.

Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Alága. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un, irun funfun àti ohùn ló fi ń ṣe olórí. Ó wo báàgì mi, ó wo bàtà mi.

"Ṣé ìjọba lẹ ti wá?"

"Rárá, sà. Yunifásítì ni."

"Ọ̀kan náà ni." Ó na iṣu àti ọ̀bẹ sí mi. "Ẹ bá wa bẹ ẹ́, Àǹtí Tíṣà."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní kíláàsì, a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n kọjú sí ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kí wọ́n wo ojú rẹ̀. Lábẹ́ tírélà, bí ẹnì kan bá wá kọjú sí ọ báyẹn, ọlọ́pàá ni tàbí oníjà. Ọ̀rọ̀ kì í jáde níbẹ̀ àfi bí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan tí ojú sì ń wo ibòmíràn. Mo bẹ iṣu, mo ṣa ẹ̀wà, mo sì gbọ́ ohun tí mi ò kà nínú ìwé kankan rí. Ọ̀kan nínú wọn ń fi fóònù kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò láràárọ̀ kí ọmọ náà tó lọ sílé ìwé. Òmíràn búra pé bí ìyàwó òun bá ti sọ pé "ẹ ǹlẹ́" lórí fóònù, òun ti mọ ọbẹ̀ tó sè. Wọ́n fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òfin kan ni wọ́n fi ọwọ́ líle mú ní ìlà yẹn. Ìjókòó awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo lójú mọmọ. Ọkọ̀ tí kò bá séèyàn lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí ìlà bá sún, wọ́n á kọjá lára rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò lè di àyè méjì mú. Bí awakọ̀ bá fẹ́ lọ wẹ̀ tàbí kó lọ kírun, ọmọ mọ́tò rẹ̀ ni yóò gòkè lọ jókòó. Òfin náà le, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí àwọn tó lẹ́nu nílẹ̀ gba ọ̀nà mọ́ àwọn tí kò lẹ́nìkan lọ́wọ́.

Ẹni tó ń gún ata yẹn ni àna ìyá ẹlẹ́ja. Mo ti lọ síbẹ̀ léraléra kí n tó mọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọkùnrin gíga kan tó máa ń kọrin ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń gún ata, tí èmi ń re ewé ẹ̀fọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ò mọ̀ mí?"

Mo ti kọ́ pé kí n máa re ẹ̀fọ́ mi lọ.

Ó ní bàbá òun, kó tó kú, fi orúkọ kan sílẹ̀ pé kí ọmọ òun máa jẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, ìlà ń sún, kò lè kúrò nídìí ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù sétí pásítọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára pariwo orúkọ náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já. Pásítọ̀ ṣe àmín sí ohun tí kò gbọ́. Orúkọ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ mú wá ni wọ́n sọ ọmọ náà. Orúkọ tó dára ni, ó ní òun ò ní nǹkan kan sí i. Àmọ́ ti bàbá òun kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n ní kí n fi kún un tó bá yá," ó ní. "Ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ lorúkọ ni, tí wọ́n á máa fi kún un tó bá yá?"

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kò sí Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ní máa bá ọkùnrin yìí wo ilé, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn kọ̀ǹténà tó wà níwájú rẹ̀? Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo tún rántí màmá mi, àánú ìyàwó rẹ̀ náà sì ṣe mí.

Kò pẹ́ tí ìyàwó náà fi bí ọmọkùnrin. Ní gbọ̀ngàn, ìyá ẹlẹ́ja fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Tell am. If e no show face for this naming, I go carry my pikin with the two children go Sapele. Mo ti bá a tọ́ ọ̀kan, mi ò lè tọ́ èkejì. My daughter no marry photo."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ pọ́n bó ṣe ń di ìró rẹ̀. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, àti pé ohun tó sọ ni yóò ṣe.

Òfin wà nínú iṣẹ́ wa pé olùwádìí kì í gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹnì kan lọ sétí ẹlòmíràn. Mo mọ òfin náà, èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n èmi tí awakọ̀ kan gbé orúkọ mi láti Jẹ́bà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé n kì í jẹ́ iṣẹ́? Wọ́n sì ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo lọ bá a nídìí ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá ìyàwó rẹ ní kí o dákun, kí o má ṣàìwá."

Ó wò mí títí. "Ó ní òun máa kó wọn lọ Sapele, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ yẹn, kò kọrin mọ́. Ibà ti gbé ọmọ mọ́tò rẹ̀ lọ sílé, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó dè é. Ìrètí rẹ̀ ni pé ìlà kò ní sún, pé òun á sáré lọ, òun á sáré bọ̀, Alága á sì ṣe bí ẹni tí kò rí òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ pé. Wọ́n pe èmi náà síbi ìsọmọlórúkọ, mo sì ti ń retí rẹ̀ lójú méjèèjì. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí bàbá tó máa ń wà lójú ọ̀nà ṣe ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Odindi orí kan nínú ìwé tí mò ń kọ ni mo ti fi sílẹ̀ dè é. Mo wọ ìró àti bùbá tó dára, mo lọ sí Tin Can ká lè jọ lọ.

Ìròyìn ti gba gbogbo ìlà kan kí n tó dé: pọ́ọ̀tù ti ṣí, wọ́n fẹ́ máa pe ọkọ̀. Ọkùnrin náà ti wẹ̀, ó wọ jàlàbíà funfun. Alága dúró níwájú rẹ̀, ó ń mi orí.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi."

"Ta ni yóò jókòó?"

"Kí ẹnì kan ṣáà bá mi wò ó."

"Ẹnì kan kì í di àyè méjì mú. Bí mo bá gbà fún ọ lónìí, tó bá dọ̀la, àwọn tó ní ọkọ̀ rẹpẹtẹ á gba gbogbo ọ̀nà yìí mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ẹni tí bàtà ara rẹ̀ ń há lẹ́sẹ̀.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jàlàbíà rẹ̀. Nígbà tí mo rí aṣọ funfun yẹn lórí ilẹ̀ tí epo dísù ti rin, ara mi gbóná.

"Alága, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Àǹtí Tíṣà, ẹ má fòwe dè mí mọ́lẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́ kí ni?"

"Kí n gòkè lọ jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn, àfi ẹni tó jókòó sílẹ̀. Alága ní, "Ṣé ẹ lè wa tírélà ni?"

"Òfin yín ní ìjókòó kò gbọdọ̀ ṣófo. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹni tó bá jókòó gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ wà. Ṣé gbogbo àwọn ọmọ mọ́tò yín ló mọ ọkọ̀ wà?"

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Mummy get point o." Alága bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní bí ìlà bá sún, tí òun bá ti sún ọkọ̀ tòun tán, ọmọ mọ́tò òun á jókòó síbẹ̀, òun á wá bá mi sún ti ibí. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ gòkè, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń fi ìró àti bàtà gogoro gun tírélà, kó lọ bi àwọn ará Tin Can. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Kí n tó fìdí kalẹ̀ dáadáa, ọkùnrin náà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo rí jàlàbíà rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà Liverpool Road, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá.

Àpápá yàtọ̀ láti orí ìjókòó yẹn. Mò ń rí orí àwọn kọ̀ǹténà, mò ń rí àwọn irin ńlá tí ń gbé ẹrù nínú pọ́ọ̀tù, mò ń rí táńkì epo funfun lójú ọ̀ọ́kán. Ìjókòó náà ń rùn òógùn àti dísù. Òórùn yẹn ló rán mi létí. Bàbá mi a máa gbé mi gun ọkọ̀ rẹ̀ bó bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, á ní, "Bá mi wo ibẹ̀." Ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀. N kì í fọwọ́ kan nǹkan kan, màá kàn jókòó gangan, màá máa retí rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rántí bàbá mi láìgbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo fi etí ìró nu ojú mi.

Fóònù mi dún. "Mọ́mì, mo ti débẹ̀! Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á. Mo gbọ́ ohùn àáfà, mo gbọ́ ohùn pásítọ̀, kálukú ń bẹ èkejì pé kó ṣíwájú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣíwájú. Mo gbọ́ ìyá ẹlẹ́ja: "Make una leave the man, make e talk!" Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà họ ọ̀fun.

"Orúkọ ọmọ yìí ni..."

Fèrè ọkọ̀ bú gbàmù lẹ́yìn mi. Ìlà ti sún.

Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ tó wà níwájú ti lọ, àlàfo ńlá ti ṣí sílẹ̀ níwájú mi, gbogbo tírélà ẹ̀yìn sì ń fọn fèrè. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà níwájú wọn, wọ́n bú mi bí wọ́n ṣe ń bú gbogbo ayé. Mo yọ orí jáde. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí, ẹnu mi kò tíì kú.

"Ẹ ní sùúrù! Wetin dey pursue una? Èèyàn wà níbí! Mo wà lórí ìjókòó!"

Alága sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ti bọ́ sọ́nà. Ó gun ọkọ̀, mo sún fún un, ó ṣíná, ó rọra gbé ọkọ̀ sínú àlàfo náà. Nígbà tó dúró, ó fẹ̀yìn ti ìjókòó, ó ń mí helehele.

"Ẹ káre," ó ní. "Ẹ dì í mú."

Ní yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ mi wò ní mo ti ki ọwọ́ bọ ohun tó yẹ kí n kàn fojú wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní orí tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nípa ìsọmọlórúkọ dà? Mo ní mi ò sí níbẹ̀, sà, inú tírélà ni mo wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà wọlé pẹ̀lú àtúnṣe. Àtúnṣe tó jẹ mí lógún jù, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. A kì í fi "Ta ló ń gbé nínú ilé yìí?" bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, "Bí o kò bá sí níbẹ̀, ta ló máa ń bá ọ di àyè mú?" Gbọ̀ngàn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ìyá ẹlẹ́ja ti dìde. "Me," ó ní. "Since. Na me dey hold am." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ronú sí ọjọ́ gbogbo tí ìyá yìí ti fi jókòó lórí ìjókòó ẹlòmíràn, tí fèrè ń bú lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ìyá náà ló dá a lábàá pé ká máa gbé ìpàdé lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Tin Can lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ lè máa tẹ̀ lé wọn lọ. A sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, ohùn tí mò ń gbà sórí fóònù kì í já geere, ṣùgbọ́n àwọn bàbá ń wá. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò ní wá? Ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Mo ti sáré kọjá ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án, ọkùnrin náà padà dé, òun nìkan kọ́. Ó gbé kúlà oúnjẹ léjìká, ó fi ọwọ́ kejì di ọmọ rẹ̀ obìnrin mú. Ìyá ẹlẹ́ja ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ ẹja yíyan lórí. Kò dé ibẹ̀ rí. Ó dúró, ó wo àwọn bẹ́ẹ̀dì tí ń fì lábẹ́ ọkọ̀, ó wo odó ata, ó wo ẹní ìrun.

"So na here," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ibí ni, Ìyá," àna rẹ̀ ní.

Alága àtàwọn yòókù yí wọn ká, wọ́n ń bèèrè orúkọ ọmọ. Ọkùnrin náà ní òun kọ́ ni òun máa sọ ọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lórí táyà tó wà nílẹ̀. Ọmọ náà wo gbogbo irùngbọ̀n tó kọjú sí i, ó gbé àtàǹpàkò sẹ́nu, ó tún yọ ọ́. Ó wá fi ohùn rara pe orúkọ àbúrò rẹ̀, orúkọ tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pè é tẹ̀ lé e, láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, tiwọn ni. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe.

Àkókò ìrun Àsárì tó, ọkùnrin náà lọ ṣe àlùwàlá. Èmi ti sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú. Kí a tó mọ ẹni tí yóò gòkè lọ, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún. Ọmọ náà ti fọwọ́ àti orúnkún gun àkàbà tírélà, ó ti wà lórí ìjókòó awakọ̀, orí rẹ̀ nìkan ni a ń rí.

Alága fi ohùn òfin rẹ̀ pè é. "Ta ló wà lórí ìjókòó yẹn?"

"Na me."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"I dey hold am for my daddy."

Alága ní ó dáa, kó dì í mú dáadáa. Ìyá ẹlẹ́ja ti yí ẹ̀yìn sí wa, ó ń pín ẹja sínú abọ́ àwọn awakọ̀. Ó ń nu ojú rẹ̀ léraléra, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì dáná.